Abọ́ Tó Ń Dáhùn Sàlámù

Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí èèyàn bá ń sọ sàlámù lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú pálọ̀ ná. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń bọ́ bàtà, bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn ló ti ń wojú àga. Kò sẹ́ni tó ń dúró. Ìwà yẹn ni mo gbé dé Sókótó, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú tí mo sè fúnra mi àti ike òrí kan.

Sìkírá ọmọ mi ló ní kí n wá. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń ta bàtà ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú náà, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin. Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé pé oṣù mẹ́ta péré ni: màá wẹ ọmọ, màá pọ̀n ọ́n títí ọrùn rẹ̀ á fi le, màá sì padà sídìí ìkòkò ọṣẹ mi. Wàrís, ọmọ tí mo wá pọ̀n, ti ń sáré kiri báyìí. Hausa ló fi ń bá mi jà.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe ooru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru Sókótó ń yan èèyàn bí àgbàdo. Ògiri ni. Ní Kofar Marke níbi tí a ń gbé, ògiri ló ń wo ògiri. Nílé, mo máa ń gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá ń kọjá á kí mi, èmi náà á bi í léèrè ọmọ, a á sì pẹ́ lórí ìdúró. Níbí, bí àwọn ọkùnrin bá ti gba ọjà lọ láàárọ̀, àdúgbò á dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn obìnrin wà nínú ilé wọn. Mò ń gbọ́ ọmọ odó wọn lẹ́yìn ògiri, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, mi ò rí ojú ẹnì kankan. Mo kàn ń rìn káàkiri àgbàlá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mò ń bá ẹni tí kò tíì lè fọhùn sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́ á pè mí lórí fóònù.

"Ìyá Gàm̀bàrí! Ṣé ẹ ṣì ń gbọ́ Yorùbá?"

"Pa ẹnu ẹ dé. Ta ló ń fún mi ní Hausa tí màá gbọ́? Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀?"

"Ewúrẹ́ ibí náà, Hausa ni wọ́n ń gbọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó gbé e sílẹ̀, mi ò tètè gbé tèmi sílẹ̀. Mo di fóònù yẹn mú bí ẹni di ọwọ́ èèyàn mú.

Oṣù kejì tí mo dé, ọyẹ́ ń fẹ́ burúkú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó já aṣọ Wàrís kan lórí okùn, ó gbé e fò kọjá ògiri sínú ilé kejì. Aṣọ ìkómọ rẹ̀ ni, mi ò lè fi í sílẹ̀. Mo pọn ọmọ, mo yí lọ sẹ́nu ọ̀nà wọn, mo ní "Salamu alaikum," mo sì wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ilé àwọn èèyàn ibí ní yàrá kan lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní zaure. Ibẹ̀ ni àlejò ń dúró sí. Wàá sọ sàlámù, wàá dúró. Bó bá pé ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, wàá yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́, torí ó lè jẹ́ pé àwọn obìnrin ilé ò tíì ṣe tán kí ojú kàn wọ́n. Mùsùlùmí lèmi náà, wọ́n kọ́ mi nílé kéwú. Ẹsẹ̀ mi ni kò kọ́ ọ. Kí n tó rántí, mo ti la zaure kọjá, mo ti wà ní àgbàlá wọn.

Aṣọ Wàrís wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní kan. Lórí ẹní yẹn, ìyá kan dùbúlẹ̀ sínú oòrùn.

Kì í ṣe pé ó ń yá oòrùn. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé abẹ́ igi dógóyárò ni wọ́n tẹ́ ẹ sí láàárọ̀. Òjìji igi ti rìn lọ, òun ò sì lè rìn tẹ̀ lé e. Ètè rẹ̀ ti bó. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kàn wà níbẹ̀ bí ẹrù ẹlòmíì tí wọ́n gbé kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń wò mí. Ẹnu rẹ̀ mì, ohùn kò jáde.

Mo tẹ́ ọmọ sábẹ́ igi, mo di etí ẹní mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Mò ń rojọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi ń bọ́ yín nílé yìí? Ẹ wúwo ju àpò ẹ̀pà lọ. Ẹ̀yìn mi á ṣẹ́ lónìí, ẹ̀yin lẹ ó sì wá dìde tọ́jú mi."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló fi rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ni.

Ọwọ́ mi dúró. "Àbí ẹ gbọ́ Yorùbá ni?"

Ó di ojú, ó la ojú. Ó gbọ́ ọ.

Mò ń fi síbí bu omi sí i lẹ́nu nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé. Ràbí lorúkọ rẹ̀, iléèwé kan ló ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ kéékèèké. Ó rí àjèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó ké. Nígbà tó gbọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀, ó yí èdè padà sí Yorùbá Ìbàdàn tó já geere.

"Ìyá, ẹ wọlé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dá yín lóhùn?"

"Má bínú, ọmọ mi. Aṣọ ọmọ ni mo wá mú. Kí n tó rántí, mo ti wọlé."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Sábó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń ta àlùbọ́sà níbẹ̀, ìyá rẹ̀, Inna Kulu, ń ta fúrá. Nígbà tí bàbá kú, ìyá àti ọmọ padà sílé wọn ní Sókótó. Kò pẹ́ ni àrùn kọlu Inna, ó mú apá kan ara rẹ̀ lọ, ó sì mú ohùn rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Bí Ràbí ò bá lọ síbi iṣẹ́, wọn ò ní jẹun. Bó bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò wà pẹ̀lú Inna títí di ọ̀sán. Ojú ń tì í láti sọ. Àwọn aládùúgbò rò pé ó ń gbé e lọ sọ́dọ̀ ìbátan láàárọ̀, torí bí wọ́n bá wá kí i, wọ́n á sọ sàlámù lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ilé á dákẹ́, wọ́n á yí padà. Inna á sì wà nínú ilé, á máa gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lọ.

"Lónìí, wọ́n dá mi dúró pẹ́ níbi iṣẹ́," ni Ràbí wí. "Bí kì í bá ṣe pé ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́, Ìyá…"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Inna Kulu tún fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín.

Bí iṣẹ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, bí Ràbí bá ń jáde, èmi á máa wọlé pẹ̀lú Wàrís. Màá yí Inna sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá tún yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kí ibi kan má bàa jẹrà. Màá fi ọṣẹ dúdú mi wẹ̀ ẹ́, màá fi òrí ra egungun ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Kúnú tí Ràbí bá sè, ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó yè ni màá bu ú sí, díẹ̀díẹ̀, tí mi ò ní kánjú. Mo ní kí káfíńtà gé àárín àga onígi kan, mo fi ike sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí Inna kọ́kọ́ jókòó lórí àga yẹn bí èèyàn, tí kò ṣe é sórí ẹní, ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ìròyìn ilé ni mo máa ń sọ fún un. Nígbà míì mo máa ń wò ó, mo máa ń rò ó pé gbogbo ọdún tí obìnrin yìí lò láàárín wa ní Sábó, bóyá ẹnì kan kúrò lójú pópó lọ bá a jókòó rí. Àwa náà ra fúrá lọ́wọ́ irú rẹ̀, a ò bi wọ́n léèrè ọmọ. Òun ti jẹ́ àjèjì nílé mi kí èmi tó wá di àjèjì nílé tirẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi í dà bí àjèjì sí mi.

Ràbí ń fún mi lówó díẹ̀ lóṣooṣù. Kò tó nǹkan, mo sì mọ ibi tó ti ń yọ ọ́. Sìkírá ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

"Màámi, ìdí arúgbó lẹ ń nù. Wọ́n ń fi yín ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ."

"Ta ló nu tìẹ?"

"Ọmọ yín lèmi."

"Tó o bá ń gbé àgbàlagbà, ẹ̀yìn á dùn ọ́, ìbáà ṣe ọmọ ẹ, ìbáà ṣe ọmọ aráyé. Iṣẹ́ ni, Sìkírá. Iṣẹ́ tó le ju bàtà títà lọ ni. Owó rẹ̀ ló kéré, iṣẹ́ ò kéré."

Mi ò bínú sí i. Ohun tí gbogbo ayé ń rò ló sọ.

Ọdún kan kọjá báyìí. Àfìgbà tí Ràbí dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ti dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù níléèwé, owó náà sì ti dín. Kò ní lè máa fún mi ní nǹkan kan mọ́.

"Ṣé mo bi ọ́ lówó ni?"

"Ìyá, ẹ̀yin náà ń jẹun. Ọmọ yín sì ń bínú."

Ohun tó dùn ún jù kọ́ nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ara wọn ò pé. Ẹni tí wọ́n bá kọ, nọ́ọ̀sì á máa wá wò ó nílé, wọ́n á sì máa san owó fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ràbí lọ béèrè orúkọ ìyá rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ṣí ìwé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti wá, wọ́n sọ sàlámù, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ohun tí wọ́n kọ síwájú ilé Inna ni pé ilé ṣófo.

"Ilé ṣófo!" ni mo wí. "Èèyàn tí kò tíì jáde láti ọdún wo!"

Mo ronú sẹ́yìn. Àárọ̀ méjèèjì yẹn, èmi ni mi ò sí níbẹ̀. Wàrís ni mo gbé lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Wọ́n ní àwọn ò lè kọ ẹni tí àwọn ò fojú rí, àwọn á tún yí àdúgbò wa ká lẹ́ẹ̀kan péré sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn ò sì lè sọ ọjọ́. Ràbí gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́, torí ẹni tó bá pa ọjọ́ jẹ nínú ìwọ̀nba tó kù, wọ́n á lé e. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sìkírá àti ọkọ rẹ̀ ń lọ ra ọjà ní Kánò. Èmi ni mo máa jókòó ti ìsọ̀, mo sì ti ṣèlérí. Bí orúkọ Inna ò bá wọ ìwé, Sìkírá á fi mí sí ìsọ̀ pátápátá, èmi á di ẹlẹ́bàtà, Inna á sì padà sórí ẹní, kí òjìji máa rìn fi í sílẹ̀.

Mo jókòó, mo ń wo Inna. Inna náà ń wò mí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí àyà rẹ̀, ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Òrùka bàbà ńlá kan wà ní ìka rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé.

Mo dìde, mo mú abọ́ tánganran kan nínú àwo Ràbí, mo fi okùn dè é mọ́ etí bẹ́ẹ̀dì tí a ti ń tẹ́ Inna sí báyìí, ní ibi tí ọwọ́ yẹn ti lè tó o.

"Inna, ẹ lù ú."

Ó gbé ìka, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Gàn.

Wàrís fò sókè. Inna la ojú sí mi bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn.

"Ó dáa. Èmi ni àlejò báyìí o. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ sàlámù, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo jáde lọ sí zaure, mo ní "Salamu alaikum," mo sì wọlé. Inna ò tíì gbé ìka. Ojú tó fi wò mí! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu abọ́ náà kíkankíkan, gàn gàn gàn gàn gàn, ó ń fi ìka náà júwe ẹnu ọ̀nà.

Ràbí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Wọ́n ní ẹ padà síta, Ìyá. Wọ́n ní ẹ ò dúró."

Mo padà síta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni Inna lé mi jáde lọ́jọ́ yẹn kí ẹsẹ̀ mi tó gbọ́.

Láti ìgbà náà, abọ́ kò sinmi. Ó ń lu abọ́ fún adìẹ, ó ń lù ú fún Wàrís, ó ń lù ú bí kúnú bá gbóná jù. Mo lọ kọ́ gbogbo ilé tó wà ní ìlà wa, mo fi Hausa mi tó fọ́ yángá ṣàlàyé fún àwọn obìnrin ibẹ̀: bẹ́ ẹ bá gbọ́ abọ́, ohùn Inna Kulu nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan sọ sàlámù lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ dún, ó sì wọlé. Ó gbé wàrà wá. Omi ń bọ́ lójú Inna bó ṣe ń mu ún.

Ọ̀sẹ̀ náà dé. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà ní ìsọ̀, mò ń ta bàtà ọ̀tún fún ẹni tó fẹ́ bàtà òsì. Ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Bí àwọn aládùúgbò bá ti ń yọjú sí Inna, wọ́n á yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, mo mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ yẹn, àlejò ni wọ́n. Wọn ò mọ̀ pé abọ́ ń fọhùn.

Ní Ọjọ́rú, bí ọ̀sán ṣe kù díẹ̀, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ti ìsọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà Inna, ọkùnrin kan dúró ní zaure pẹ̀lú báàgì lọ́rùn.

"Sannu, Ìyá," ó kí mi. Ó rí ìró àti gèlè mi, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ ní Ọ̀ṣun. "Ọ̀gá mi obìnrin wà nínú. A sọ sàlámù lẹ́ẹ̀kan, kò sí nǹkan. Lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni pé nǹkan dún. Lẹ́ẹ̀kẹta, gàn, gàn, gàn! Mo ní àbí ẹnì kan ń fọ abọ́ ni? Ọ̀gá mi ní rárá, ẹnì kan ń dáhùn."

Mo wọlé. Mo gbàgbé láti sọ ohunkóhun, Ọlọ́run dárí jì mí.

Obìnrin náà jókòó lórí ẹní pẹ̀lú ìwé lórí itan. Ó ti kọ orúkọ Inna. Ọkùnrin ọ̀hún ń túmọ̀ fún wa láti zaure, ó ń pariwo bí ẹni ń polówó ọjà, torí kò lè wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ béèrè ta ló ń tọ́jú ìyá yìí. Inna gbé ìka òrùka, ó nà án sí mi.

"Ìyá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Ojú tì mí. "Mò ń ta bàtà fún ọmọ mi," ni mo wí.

Inna lu abọ́ náà débi pé okùn já. Abọ́ yí gbirigbiri lọ sídìí ògiri, ìka rẹ̀ sì wà lókè síbẹ̀, ó ń mì í sí mi.

"Rárá o," ni mo tún sọ. "Inna Kulu ni mò ń tọ́jú. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Mi ò ní parọ́. Owó náà ń dé, kì í pọ̀, nígbà míì ó ń pẹ́. Mo ti bá wọn sọ ọ́ lójú ara wọn pé ẹni tó ń gbé èèyàn kì í jẹ ìlérí. Nọ́ọ̀sì ń wá. Sìkírá ti wá fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún oníbàárà kan pé, "Màámi wà níbi iṣẹ́." Mo gbé e pa mọ́ sínú ọkàn mi, mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́.

Iléyá tó kọjá, mo lọ sílé. Ọmọ aládùúgbò kan tó ti dàgbà ni mo kọ́ níṣẹ́ tó dúró fún mi, wọ́n sì san owó ọjọ́ wọ̀nyẹn fún un. Mo dé ẹnu ọ̀nà Àbẹ̀kẹ́ pẹ̀lú báàgì mi, mo ní "Salamu alaikum." Mo sì dúró.

Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Mo tún sọ ọ́. Mo tún dúró.

Àbẹ̀kẹ́ yọjú. "Ta lẹ ń retí níta? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé, jàre! Àbí ẹ ti di àlejò?"

"Dá mi lóhùn ná," ni mo wí.

Ó wò mí tìyanu tìyanu. "Wa alaikumu salaamu o, Ìyá Gàm̀bàrí." Mo bọ́ bàtà, mo wọlé.

A ṣì ń jẹun nígbà tí fóònù mi dún. Ràbí ni. Ó ní Inna ò jẹ́ kí òun gbádùn, òun á gbé fóònù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ariwo ọmọdé wà nínú pálọ̀. Mo ní kí gbogbo wọn dákẹ́. Mo gbé fóònù mọ́ etí, mo sọ sàlámù, mo sì dúró.

Gàn. Gàn. Gàn.